Dókítà ní kí n tún ìgbé ayé mi ṣe: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ọdún 46 ni mí. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ara, HbA1c mi, ìyẹn àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 6.1, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi sì jẹ́ 136/88. Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Dókítà ní ọ̀rọ̀ kò tíì kan oògùn, pé kí n lọ tún ìgbé ayé mi ṣe, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo pa ṣúgà tì pátápátá, mo ń sáré láràárọ̀, mo ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi ṣe é. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, gbogbo rẹ̀ sì sú mi. Ẹnì kan tún ní kí n máa mu egbòogi kan tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe gan-an?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tó le jù lọ lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì kó gbogbo ẹrù lé ara yín lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò ti ń sáré tẹ́lẹ̀, tó wá dédé ń sáré láràárọ̀, orúnkún rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ké. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni àwọn nọ́ńbà yẹn ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa rìn lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ tún àwo oúnjẹ yín tò, kí ẹ sì wo bí ẹ ṣe ń sùn. Àwọn yòókù lè dúró díẹ̀.

HbA1c ń sọ bí ṣúgà ṣe lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa tó láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, nítorí pé bí 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò kó tó kú. Ìdí nìyí tí dókítà fi dá oṣù mẹ́ta fún yín: ẹni tó bá tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwà àtijọ́ ló ṣì ń wò. Láti 5.7 dé 6.4, ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ lèèyàn wà. Tó bá di 6.5, tí àyẹ̀wò kejì sì jẹ́rìí sí i, àrùn náà ti wọlé. Ní ti 136/88, orúkọ tí wọ́n máa fún un kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017, wọ́n ti ń pe 130/80 sókè ní ẹ̀jẹ̀ ríru; àwọn onímọ̀ Yúróòpù fi tiwọn sí 140/90 nílé ìwòsàn. Orúkọ yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ tó wà níwájú yín kò yí padà.

Pé ìgbé ayé lè dá àtọ̀gbẹ dúró, wọ́n ti dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn 3,234 tí wọ́n wà ní ẹnu ọ̀nà bíi tiyín jọ, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún bí ọdún mẹ́ta. Èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Nínú àwọn tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ metformin, iye àwọn tó di alátọ̀gbẹ fi ìdá 31 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Nínú àwọn tó tún ìgbé ayé wọn ṣe, ìdá 58 ni ó fi dín. Kí ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe? Kí ìwọ̀n ara wọn fi ìdá 7 nínú 100 dín kù, kí wọ́n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́, tàbí kí wọ́n ṣe ohun tó jọ ọ́, fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Fún ẹni tó bá wọn kílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ nìyẹn. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́.

Èyí tí wọ́n ṣe ní Finland, tí èèyàn 522 kópa nínú rẹ̀, tún là mí lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n lé bá: kí ìwọ̀n ara dín ju ìdá 5 nínú 100 lọ, kí ọ̀rá inú oúnjẹ má pọ̀, kí ọ̀rá tó máa ń dì kéré gan-an, kí fáíbà pọ̀, kí ara sì máa ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Nínú àwọn tó lé mẹ́rin bá, ẹyọ ẹnì kan kò di alátọ̀gbẹ ní gbogbo ìgbà tí ìwádìí náà fi ń lọ. Kò sí èyí tó le kọjá agbára èèyàn nínú márààrún. Bí wọ́n ṣe para pọ̀ ló ṣiṣẹ́. Ẹ má gbàgbé apá kejì ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí wọ́n tún wo àwọn ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìdá 58 yẹn ti di 34, ìwọ̀n ara ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti padà sókè. Ohun tí ẹ kò bá lè ṣe fún ọdún márùn-ún, ẹ má ṣe fi í ṣe ìpìlẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn nọ́ńbà náà wò. Wíwọn ìfúnpá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí ẹ ti tò sórí ìlà fún wákàtí méjì, tí ìtọ̀ sì ń gbọ̀n yín, kò tó gbé ìpinnu kà. Ẹ wá ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ apá òkè. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ tètè máa ń ṣì í. Ẹ wọn apá yín kí ẹ tó rà á, nítorí aṣọ ẹ̀rọ tó bá kéré jù fún apá ń mú kí nọ́ńbà ga ju òtítọ́ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 30 ṣáájú, ẹ má mu kọfí, ẹ má fa sìgá, ẹ má ṣe eré ìdárayá. Ẹ lọ tọ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ fẹ̀yìn tì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kí apá sì sinmi lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn. Apá tó bá rọ̀ wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Ẹ wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ méje. Ẹ da ti ọjọ́ kìíní nù, kí ẹ ṣírò ìpíndọ́gba àwọn tó kù. Nínú ilé, 135/85 ló dọ́gba pẹ̀lú 140/90 ti ilé ìwòsàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iwájú dókítà nìkan ni tiwọn ti ń fò sókè. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn dára lọ́dọ̀ dókítà, tó sì ga nílé, àwọn yìí sì ni ewu ń bá rìn láìfura.

HbA1c náà lè tan èèyàn jẹ. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò pẹ́ láyé tó láti kó ṣúgà jọ, nọ́ńbà rẹ̀ lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ti AS pàápàá lè da àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan láàmú. Àìtó irin nínú ẹ̀jẹ̀, ní tirẹ̀, lè gbé e ga. Tí ọ̀kan nínú wọ̀nyí bá kàn yín, ẹ ní kí wọ́n bá yín wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. 100 sí 125 mg/dL, ìyẹn 5.6 sí 6.9 mmol/L, ni ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti 110.

Ẹ tún tú àpò oògùn yín wò. Orúnkún ń dùn yín, ẹ ní. Tó bá jẹ́ oògùn ìrora bíi ibuprofen tàbí diclofenac lẹ ń lò sí i, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ ń gbé ìfúnpá sókè, nítorí ó ń mú kí kíndìnrín dá iyọ̀ àti omi dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine. Prednisolone, ìyẹn oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan, ń gbé ṣúgà ga. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà, títí kan èyí tí ẹ rà láìgba ìwé. Èyí wà lára ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, ó sì rọrùn láti tún ṣe.

Nísinsìnyí, ìrìn. Ẹ fi sísáré sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn oúnjẹ tó pọ̀ jù lójúmọ́, kí ìlàjì wákàtí tó pé, ẹ dìde kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àkókò yẹn ṣe pàtàkì, torí ìgbà náà ni ṣúgà oúnjẹ ń ya wọ inú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lè fa ṣúgà wọlé fúnra rẹ̀ láì dúró de ínsúlíìnì, èròjà ara tó ń mú kí ṣúgà wọ inú iṣan; ínsúlíìnì yín sì ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lára. Ẹ rìn débi tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 12 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan: ní ọjọ́ méje, 168 ìṣẹ́jú nìyẹn, ẹ ti kọjá 150 láì ya ọjọ́ kankan sọ́tọ̀ fún eré ìdárayá. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ti orúnkún, ilẹ̀ títẹ́jú àti bàtà tó nípọn nísàlẹ̀ ló dára. Kẹ̀kẹ́ tàbí ìrìn nínú omi tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrora díẹ̀ tó lọ kí ọjọ́ kejì tó mọ́ kò burú. Tí orúnkún bá wú, tàbí tí ìrora bá jí yín lóru, ẹ dín in kù kí ẹ lọ fi hàn wọ́n.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ fi iṣẹ́ okun kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹ dìde lórí àga kí ẹ tún jókòó láì fọwọ́ ti nǹkan, ẹ kọjú sí ògiri kí ẹ máa fọwọ́ tì í bí ẹni ń ṣe pọ́ṣọ́ọ̀pù, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀, ẹ gbé ohun tó wúwo díẹ̀ láti ilẹ̀ dé àyà. Ìgbà 8 sí 12, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ máa mí síta nígbà tí ẹ bá ń lo agbára. Ẹni tó bá sé èémí mọ́nú, ìfúnpá rẹ̀ ń fò sókè lójú ẹsẹ̀. Inú iṣan ni ara ń kó ọ̀pọ̀ ṣúgà pa mọ́ sí, ẹni tó bá sì ń rù láì ṣe iṣẹ́ okun ń pàdánù iṣan pẹ̀lú ọ̀rá.

Oúnjẹ ni wọ́n máa ń pariwo lé lórí jù. Pípa ṣúgà tì dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ń yọ ṣúgà kúrò nínú tíì, wọ́n sì ń fi òkìtì oúnjẹ afáralókun funfun, irú ìrẹsì àti búrẹ́dì, rọ́pò rẹ̀, ìyẹn náà sì ń di ṣúgà kó tó pẹ́. Jíjẹun lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ṣe náà, tó bá jẹ́ alẹ́ lẹ ń jẹ ẹ́, ìgbà tí ara kò mọ ṣúgà ṣe dáadáa mọ́ lẹ kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ pín àwo sí mẹ́rin: ẹ̀fọ́ fún ìdajì, ẹja tàbí ẹyin tàbí ẹ̀wà tàbí ẹran tí kò lọ́ràá fún ìdá kan, ọkà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ kúrò tàbí oúnjẹ afáralókun mìíràn fún ìdá tó kù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kí afáralókun kẹ́yìn. Oúnjẹ kan náà ni o, àmọ́ títò tí ẹ tò ó báyìí ń dín bí ṣúgà ṣe ń ga lẹ́yìn oúnjẹ kù.

Fáíbà ni apá ewéko tí inú kì í lọ̀ tán. Ó ń mú kí ṣúgà wọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán 25 gíráàmù lóòjọ́, pẹ̀lú 400 gíráàmù èso àti ẹ̀fọ́. Ìdajì ife ẹ̀wà tó ti jinná ń mú bíi gíráàmù 7 wá. Ẹ má fò láti kékeré sí 25 lọ́jọ́ kan, inú á wú, gáàsì á pọ̀, ẹ ó sì sọ pé ẹ̀wà kò bá yín lára mu. Ẹ fi gíráàmù márùn-ún kún un lọ́sẹ̀, kí ẹ máa mu omi sí i. Agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan, 330 mílílítà, máa ń ní bíi gíráàmù 35 ṣúgà nínú. Ohun tí mo bá máa yọ lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn. Èso gidi kì í ṣe ọ̀tá yín, omi èso tí wọ́n ti fún ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí fáíbà rẹ̀ ti lọ.

Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan, láti ibi gbogbo tó ti ń wọlé. Èyí tí ẹ bù sí ìkòkò wà níbẹ̀, èyí tó wà nínú búrẹ́dì, oúnjẹ agolo, ẹran tí wọ́n ti fi iyọ̀ ṣe àti èròjà amóúnjẹdùn náà wà níbẹ̀. Ahọ́n máa ń mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó dìgbà yẹn, oúnjẹ á dà bí èyí tí kò dùn. Iyọ̀ kan wà tí wọ́n fi pòtásíọ̀mù rọ́pò apá kan sódíọ̀mù rẹ̀. Ní abúlé 600 ní Ṣáínà, láàárín bí 21,000 èèyàn tí wọ́n ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ rí tàbí tí wọ́n ti lé ní 60 tí wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó dín àrùn rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá 14 nínú 100. Èsì náà jáde ní 2021. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, tàbí tó ń lo oògùn ìfúnpá bíi lisinopril tàbí spironolactone, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láì béèrè. Pòtásíọ̀mù tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè da lílù ọkàn rú.

Mo fẹ́ bi yín léèrè ohun kan tó ṣeé ṣe kí wọ́n má bi yín nílé ìwòsàn: ṣé ẹ ń han-run? Ẹ bi ẹni tó ń sùn tì yín. Tí ẹ bá ń han-run gan-an, tí èémí yín ń dá dúró lójú oorun, tí ẹ ń tòògbé lọ́sàn-án bí ẹ tilẹ̀ sùn wákàtí méje, tí orí ń fọ́ yín láàárọ̀, ẹ sọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tí èémí bá dúró, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ara ń ta gìrì, ìfúnpá ń fò sókè. Ìrìn àti ẹ̀fọ́ nìkan lè má borí ìyẹn, àyẹ̀wò oorun ló kàn. Tí kò bá sí èyí, ẹ wá wákàtí méje ó kéré tán, kí ẹ máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí kọfí sì dópin ní ọ̀sán. Àìsùn ń mú kí ínsúlíìnì má ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ń mú kí ohun dídùn máa wu èèyàn jẹ.

Sìgá: ẹ jáwọ́, kò sí ìwọ̀n tó dára nínú rẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá ń fà yóò ti dín sí bí ìdajì. Ọtí ń gbé ìfúnpá sókè, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ní ti ìrònú, “ẹ má rò ó mọ́” kì í ṣe ìmọ̀ràn. Mímí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ń tu ara lára. Ẹni tí ẹ ó jọ máa rìn tún sàn ju ìyẹn lọ. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹni tó ń se oúnjẹ nílé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkòkò méjì ni yóò máa wà lórí iná, tiyín ni yóò sì kọ́kọ́ kúrò. Tí inú yín bá bàjẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, ẹ sọ fún dókítà; ìyẹn náà ní ìtọ́jú.

Ní ti egbòogi tó ń fọ ẹ̀jẹ̀: ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yín ń fọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru. Púpọ̀ nínú irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ ń múni yàgbẹ́ tàbí tọ̀ ni, omi ló sì ń jáde lára, kì í ṣe ọ̀rá. Ìwọ̀n yín yóò padà bí ẹ bá ti mu omi. Àwọn kan ti ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín èèyàn jẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìwọ̀n ara lè dúró sójú kan. Ara tó fúyẹ́ ń ná agbára tó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, ìwọ̀n oúnjẹ tí ẹ ń bù sì lè ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi láìmọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó rí i. Ọ̀sẹ̀ àìsàn tàbí ìrìn àjò yóò wá náà. Kí ẹ ti pinnu ìwọ̀n tó kéré jù sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwo ẹ̀fọ́ kan. Ọ̀pọ̀ tó jáwọ́, ọjọ́ kan tí wọ́n pàdánù ni wọ́n sọ di oṣù kan.

Tí nọ́ńbà kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbígba oògùn kì í ṣe ẹ̀sùn. Bàbá yín ní in, ara kan wà tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ má sì fún ẹni tó ń lo ínsúlíìnì tàbí oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ glibenclamide ní ìlànà yìí láì jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀, nítorí ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù. Tí ìfúnpá bá dé 180/120, tí àyà sì ń dùn yín, tàbí tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan bá kú, ilé ìwòsàn ní kíákíá. Òùngbẹ tí kò lọ, ìtọ̀ léraléra àti rírù láìnídìí kò gbọ́dọ̀ dúró de oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí ẹ bá ń padà lọ, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ìfúnpá ọjọ́ méje sí dání, méjì: ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ẹ wọn ìyípo ikùn yín pẹ̀lú, ní àárín ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí síta láì fa ikùn wọlé. Kò yẹ kó tó ìdajì gíga yín. Ẹ béèrè kí wọ́n tún HbA1c ṣe ní ilé àyẹ̀wò kan náà, kí wọ́n sì wo kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, iṣẹ́ kíndìnrín àti ìtọ̀ bóyá purotéènì wà nínú rẹ̀, bí wọn kò bá tíì wò wọ́n.